Ojú Tó Ṣí Fóònù

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, Màmá. Ojú tèmi nìkan ló lè ṣí i."

Yéjídé gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó wọ báluwẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Irving, ní Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀, tó ti Ìbàdàn dé lánàá láti wá kí i, máa ń sọ pé ojú kan náà ni ti ìyá àgbà tó ti kú, ti òun, àti ti Yéjídé. Inú máa ń bí Yéjídé sí i. Ó ní bàbá lòun jọ.

Ìyá mú fóònù náà kó lè nu òróró ara rẹ̀. Bó ṣe wò ó báyìí, ó ṣí.

"Ìyá mi," ló rọra wí fún olóògbé náà, "ẹ̀rọ òyìnbó pàápàá dá yín mọ̀."

Bó ṣe fẹ́ gbé e sílẹ̀ ló rí i pé ẹnì kan ti pe ọmọ òun lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún lọ́sẹ̀ yìí, tí Yéjídé kò sì gbé e lẹ́ẹ̀kan. Orúkọ tí Yéjídé fi pa nọ́ńbà náà mọ́ ni "Má Gbé E."

Ọkùnrin wo ló ń dààmú ọmọ òun báyìí?

"Yéjídé, ta ni Má Gbé E?"

Omi báluwẹ̀ dá wáí. "Màmá, please, ẹ gbé e sílẹ̀."

"Mo máa bá a sọ̀rọ̀ lónìí." Ìyá fún ìró rẹ̀ mọ́ ìdí, ó tẹ orúkọ náà.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìyìn nínú báàgì ìyá fúnra rẹ̀.