Ohùn Odídẹrẹ́ Kì Í Jẹ Afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò yẹ ká gba nǹkan lórí ọgbọ́n, ẹ ò parọ́, àmọ́ ẹ gbọ́ ná. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Òkété onígbàgbé.

Gbogbo ẹranko ló ń sọ ewé oògùn tí wọ́n mọ̀ fún Odídẹrẹ́. Òun á há a sórí, ẹni tó bá mú ẹyọ ẹyìn kan wá, á kà á fún un. Nígbà tójú ẹ̀ là, ó ní odidi ìdì ẹyìn lòun ń gbà.

Ọmọ Òkété wá jẹ olú olóró, ikùn ẹ̀ wú bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òkété sáré dé ìdí igi Odídẹrẹ́:

"Odídẹrẹ́, ewé wo ni?
*Ẹyìn ńkọ́?*
Ọmọ mi ń kú lọ!
*Ẹyìn ńkọ́?*"

Òkété figbe ta: "Ìwọ yìí! Ṣebí èmi ni mo kọ́ ọ léwé ọ̀hún kí n tó gbàgbé ẹ̀!"

Ni inú bá bí gbogbo ẹranko. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni láti òní lọ. Odídẹrẹ́ ka ewé, ọmọ yè.

Ọ̀fẹ́ dùn! Ẹja inú odò pàápàá ń béèrè ewé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mú ẹyìn wá mọ́. Odídẹrẹ́ gbẹ títí, abẹ́rẹ́ sanra jù ú lọ.

Ọmọ aláìgbọ́ràn tún jẹ olú. Òkété tún sáré dé. Odídẹrẹ́ yanu, ohùn ò jáde.

Òkété káwọ́ lérí. "Ó gba ẹyìn jù, ọmọ mi fẹ́ẹ̀ kú. Kò gba nǹkan kan rárá, ọmọ mi tún ń kú! Irú wàhálà wo rèé?"

Ó ju ẹyọ ẹyìn kan sí i lẹ́nu, ohùn padà, ọmọ yè. Láti ìgbà náà, tí ẹyìn bá ti pọ́n, kálukú á mú ẹyọ kan wá, á sì máa béèrè ewé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ tèmi tán. Ọ̀fun mi ti gbẹ, ebi sì ń pa mí.

Iṣu ńkọ́?