Ogún Ọta fún Ìbọn Leland

Ọ̀sẹ̀ tí ìrì dídì kọ́kọ́ bo orí òkè Bitterroot ní Montana ni mo gbọ́ ọ, lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn tó gbé Leland Tvedt sọ̀ kalẹ̀: ìbọn rẹ̀ ti bú mọ́ ọn lójú.

Ọdún mẹ́rìnlá ni Leland fi ń kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìwé àṣẹ láti pa akọ àgbọ̀nrín ní apá òkè yẹn. Ènìyàn díẹ̀ ni ìjọba ń yàn lọ́dọọdún, orúkọ rẹ̀ kì í sì í jáde. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ó jáde. Delbert Kinsey, tó ń tún ìbọn ṣe nílùú, fi ọ̀pá tuntun, irin tí ọta ń gbà jáde, sí ìbọn rẹ̀. Orrin, ẹ̀gbọ́n Leland, tó ti ń bá Delbert ṣọ̀rẹ́ láti ogójì ọdún, ní òun ni yóò ki ọta fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọta inú páálí wà ní ṣọ́ọ̀bù," Leland wí.

"Gbogbo ayé ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Ṣé bàtà ẹlòmíì lo fẹ́ wọ̀ gorí òkè ni?"

Odidi oṣù keje ni Orrin fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Yóò wọn ẹ̀tù sínú ife idẹ, yóò fi ọta dé e lórí, yóò yin mẹ́ta sí bébà, yóò kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà yóò fi ẹ̀tù díẹ̀ kún un, yóò tún yin mẹ́ta. Kì í yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọta àkọ́kọ́ fọ́n ká bí òròmọdìẹ tó rí àṣá. Ìwọ̀n kẹsàn-án ló gbà: ẹyọ owó kan bo ojú ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Delbert gbé bébà náà sókè, ó súfèé. "Agídí ẹ ló wọlé yìí, kì í ṣe ọta."

"Bí ọ̀pá tí o fi sí i bá dúró, agídí mi á dúró."

Orrin máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá náà pa. Ibẹ̀ náà ló ti ń ki ọta ìbọn kékeré tó fi ń pa ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ tó ń ba pápá rẹ̀ jẹ́. Ó ń ki wọn lọ́wọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ nígbà tí òjò yìnyín dé. Ìgò ẹ̀tù méjì ló wà lórí tábìlì; ó da ẹ̀tù tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú èyí tó súnmọ́ ọn, ó sáré jáde lọ bo mọ́tò. Gíláàsì iwájú mọ́tò náà ti sán kó tó débẹ̀, ó sì bú òjò náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní oṣù kẹsàn-án, ó ki ogún ọta fún Leland. Ẹ̀tù ìbọn ńlá tó wà nínú ìgò ṣì pọ̀ ju bó ṣe rò lọ. Inú rẹ̀ dùn pé òun kì í fi nǹkan ṣòfò. Ó wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Kò yin ìkankan wò, nítorí ó ti yìn ín tán ní oṣù keje.

Ọta àkọ́kọ́ tí Leland yìn lórí òkè ló fọ́ ìbọn náà.

Delbert dé ilé ìwòsàn kí wọ́n tó parí iṣẹ́ abẹ. Orrin dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ni?"

"Orrin, fún mi ní ọta tó kù kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kí o lè fi ìdọ̀tí sí i? Olè!"

Lọ́jọ́ kejì, Orrin pe Delbert àti aládùúgbò méjì wá sí ilé ìdáná rẹ̀. Ọta mẹ́rìndínlógún ló rí nínú páálí Leland. Ó tú wọn lójú gbogbo wọn, ó wọn ẹ̀tù wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó yẹ̀ ní ìwọ̀n.

"Ẹ wò ó! Àbí òṣùwọ̀n náà ń purọ́ ni?"

"Òṣùwọ̀n ń sọ bó ṣe wúwo tó," Delbert wí. "Kò sọ ohun tó jẹ́."

"Jáde nílé mi, oní-ọ̀pá burúkú! Àbúrò mi ti pàdánù ojú kan àti ìka méjì, ìwọ ń pa òwe!"

Ó gbé ẹ̀tù náà jáde, ó dáná sun ún.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ibi tí Orrin kò ti sọ pé ọ̀pá Delbert ló bú: ilé epo, ilé kọfí, àbáwọlé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ènìyàn ń wá kó ìbọn wọn lọ. Nígbà tí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ìparí oṣù kọkànlá fi máa dé, ìbọn Delbert fúnra rẹ̀ nìkan ló kù lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó di ẹ̀rọ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ń lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Nebraska. Ó yà lọ́dọ̀ Leland.

Leland kò jẹ́ kó wọlé. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ jáde láti ẹnu ilẹ̀kùn, ọta mẹ́ta wà nínú rẹ̀. "Àpò ẹ̀wù mi ni wọ́n ti bá a. Gbà, kí o má bàa sọ pé a fi nǹkan pamọ́ fún ọ. Má padà síbí mọ́."

Delbert gbà á, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, lẹ́tà kan dé ọ̀dọ̀ Leland láti ọ̀dọ̀ onímọ̀ kan nípa ọta àti ẹ̀tù, tí Delbert fi ọta náà ránṣẹ́ sí. Leland kò ṣí i. Ó gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kà á," Orrin wí, ó ń da kọfí. "Jẹ́ ká gbọ́ irọ́ tí oní-ọ̀pá jíjẹrà yẹn rán ẹlòmíì pa."

Leland fi ojú kan tó kù kà á: nínú ọta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀tù ìbọn kékeré, tó ń jó kíákíá tó sì lè fọ́ ìbọn ńlá, ti dà pọ̀ mọ́ ẹ̀tù ìbọn ńlá, inú ìgò ni wọ́n sì ti pàdé kí ẹni tó ki ọta náà tó wọn wọ́n. Ohun tí ẹ̀tù ìgò yẹn kó lọ: ojú kan, ìka méjì, ìbọn kan, ṣọ́ọ̀bù kan, ọ̀rẹ́ ogójì ọdún kan.