Òjé Tí Gbogbo Kíláàsì Rí

Bàbá Adébímpé, tó ń ta ẹ̀yà ara rédíò ní Alábà, ti sọ tẹnu rẹ̀. "Bí o bá fìdí rẹmi nínú mọ́ọ̀kì kẹ́mísìrì yìí, gbàgbé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Ìsọ̀ mi lo máa wá jókòó sí." Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọmọ náà sì ń lá lálàá láti kékeré. Ìsọ̀ yẹn, níbi tí rédíò mẹ́wàá ti ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, wíwò rẹ̀ lásán ti ń sú u.

Ọ̀gá Ọládélé, tíṣà kẹ́mísìrì wọn ní Igbó-Elérin, lọ sìnkú ìyá ìyàwó rẹ̀ ní Èkìtì lọ́sẹ̀ mọ́ọ̀kì. Mísìs Akínwándé tó ń kọ́ wọn ní báólójì ló bá a di ìdánwò náà mú. Obìnrin náà tú lábù délẹ̀, kò rí kẹ́míkà kan tó máa kárí kíláàsì. Ìgbà tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí Ọ̀gá Ọládélé ń kó ife tíì rẹ̀ sí ló tó rí ìgò ńlá kan. Ọ̀gá ti fi báírò pupa ya agbárí òkú sí i lára, ó kọ "Léèdì náítíréètì, MÁJÈLÉ" sábẹ́ rẹ̀. Kò sí tíṣà tó máa ń fọwọ́ kan ìgò yẹn. Mísìs Akínwándé wọ ìbọ̀wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí pín in sínú àwo kéékèèké.

Wàsíù, ọmọ kíláàsì wọn tí ojú ẹ̀ kì í gbé ibì kan, ti yọjú lójú fèrèsé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo kíláàsì ti gbọ́.

"Léèdì ni," ló ń sọ fún wọn. "Òjé. Ẹ lọ ka òjé nìkan."

Adébímpé náà kà á. Ó mọ̀ pé bí áyọ́ọ̀nù òjé bá wà nínú omi, tí èèyàn kán ásíìdì sí i, á funfun bí ògì. Bó bá sì jẹ́ àáyódáìdì ló kán sí i, á di àwọ̀ ìyeyè.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó po ohun inú àwo rẹ̀ mọ́ omi, ó kán ásíìdì sí i. Omi ń wò ó, òun náà ń wo omi. Ó kán àáyódáìdì, kò sí ìyeyè kankan. Ó gbé díẹ̀ lé iná, ó yọ́, ó dúdú, gbogbo tábìlì ń ta sánsán bí ilé búrẹ́dì. Èèrà ti tò wá sídìí àwo rẹ̀. Ó gbá wọn dànù, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Eunice tó dúró tì í ti kọ ìwé kún. "Ṣé o ò tíì rí ìyeyè ni?"

"Ìwọ rí i?"

"Wàsíù rí i. Kọ ọ́ jàre. Àìrìnpọ̀ ló ń jẹ ọmọ ejò níyà."

Adébímpé rántí ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn kan náà ló kọ́ ọ pé òótọ́ korò, kéèyàn ṣáà gbé e mì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò rí áyọ́ọ̀nù kankan, ó sì sunkún délé wọn ní Okokomaiko.

Gbogbo kíláàsì yege. Òdo ni tirẹ̀.

Ọjọ́ tí Ọ̀gá Ọládélé dé, Adébímpé lọ kúnlẹ̀ ní lábù. Ọ̀gá ń se omi tíì lórí iná, Mísìs Akínwándé sì jókòó tì í.

"Gbogbo kíláàsì rí òjé," ni Mísìs Akínwándé wí. "Òun nìkan ni ò rí nǹkan kan."

"Òjé?" Ọ̀gá họ irùngbọ̀n. "Mi ò mọ̀ pé ó ṣì kù ní lábù yìí. Adébímpé, ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni?"

"Rárá, sà. Mi ò rí i ni, sà."

"Ẹni mélòó ló máa rí nǹkan kí ìwọ tó gbà pé ó wà níbẹ̀? Dìde. Kí bàbá ẹ fún mi."

Ọmọ náà dìde, ó ń fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ọ̀gá da omi gbígbóná sínú ife, ó po mílíìkì sí i, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì gbé ìgò alágbárí náà jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, májèlé ni," ni Adébímpé ké.

Ọ̀gá Ọládélé da ìgò náà dojú bolẹ̀ sórí tíì rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n títí, kò sí ohun tó bọ́ síbẹ̀, ló bá yíjú sí Mísìs Akínwándé, ó ní, "Pẹ̀lú agbárí tí mo yà sí i lára yìí náà, ẹ̀yin tíṣà wọ̀nyí ṣì kó ṣúgà mi jẹ."