Ọmọ Yìí Ò Ní Wọ Báàlù

Ooru kọ lu agbẹ̀bí náà lójú bó ṣe ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì alùpùpù tó fi ń rin orí ìrì dídì láàárín adágún tó ti di yìnyín. Ẹ́ńjìnnì ń hó bí ìkòkò.

Aipili, àbúrò rẹ̀, bọ́ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká padà. Báàlù tó ń kó aboyún lọ ò tíì gbéra. Wọ́n ní òfin ìjọba ni pé ìlú òkèèrè ni kí gbogbo aboyún ti máa bímọ."

"Wọ́n ní, wọ́n ní! Mo ti gbẹ̀bí fún ogójì aboyún nílẹ̀ yìí. Àgọ́ Màmá wa ni èyí náà máa bímọ sí, kì í ṣe àárín àjèjì."

"Ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ jóná yìí ńkọ́?"

"Kò bàjẹ́. Atẹ́gùn ló gbá ìrì dídì kúrò lórí adágún, kò wá sí ohun tó ń tù ú nísàlẹ̀. Lọ bu ìrì dídì wá létí adágún!"

Aipili bù ú wá lápò-lápò. Wọ́n kó o sábẹ́ alùpùpù, ó ń dún ṣàà. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì tutù, ó sì jí.

"Àgọ́ Màmá ò jìnnà mọ́!" ni Aipili ké.

Agbẹ̀bí náà fi ọwọ́ kan gbá ikùn oyún tirẹ̀ mú. Ó fi èkejì di ọwọ́ alùpùpù mú pinpin, ó payín keke, títí ìrọbí tó mú un fi rọlẹ̀ lára rẹ̀.

"Bọ́ sẹ́yìn," ló wí. "Èmi ni mo máa wà á."