Ọlọ̀tẹ̀ Orí Alùpùpù

"Kọ́tì! Ẹ pa kámẹ́rà!" Dáírẹ́tọ̀ fò sójú títì Okokomaiko. Sinimá òyìnbó àtijọ́ kan ló ń tún ṣe, nípa àwọn onírun gígùn tó ń gun alùpùpù kiri, tí wọn ò ka ẹnikẹ́ni sí. Àmọ́ Gbádégẹṣin, akọni rẹ̀, ń sọ̀kalẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo àgbàlagbà tó rí.

"Ṣé báyìí ni ọlọ̀tẹ̀ ṣe ń ṣe? Mú wíìgì yẹn wá, kó o wòran!"

Dáírẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀ dé wíìgì, ó gun alùpùpù. Ó kọjá lára bàbá kan, kò kí i. Òmìnira dé! Níwájú bàbá kejì, ó tẹ bíréèkì, ó sọ alùpùpù sílẹ̀, ó sì nà gbalaja sórí ọ̀dà.

"Ẹ káàsán, sà. Màámi ńkọ́?"

Bàbá ìyàwó rẹ̀ ni bàbá náà; ó wo wíìgì náà títí.

"Kọ́tì!" Gbádégẹṣin kígbe. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tún un yà."