Ẹ̀wù Láoyè

Lọ́dọọdún, bí ayẹyẹ orin àti eré orí ìtàgé ìlú wọn bá ti dé, ṣe ni Àjíún tó ń fọ aṣọ òṣèré máa ń pòṣé. Òógùn àwọn òṣèré náà a máa rùn ju ògìrì lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fi ẹ̀wù Láoyè, òṣèré wọn tó kú, kọ́ sórí ìtàgé láti bọlá fún un. Eré parí lálẹ́, Àjíún gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó rin gbingbin fún òógùn.

"Ọ̀bùn wo ló wọ ẹ̀wù olóògbé?"

"Ìyá, kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́," ni Àrẹ̀mú, olórí òṣèré, wí.

Àjíún tutọ́, ó tì í bọ inú korobá omi, ó sì fi ọwọ́ fún apá ẹ̀wù náà pẹ̀lú ìríra. Ọwọ́ kan tó ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì rọra fún ọwọ́ Àjíún padà.