Sójà Orí Afárá

Fàòsíyà dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀ ní àdúgbò Bépanda, ó dẹtí sílẹ̀.

Ara ti ń fu ú sí bí Hamidah ṣe ń tilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọmọ náà ń bá Abdussamad, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Fi sójà kún àwọn tó wà lórí afárá. Tó bá rọrùn jù, kò ní dùn."

Àyà ìyá já. Kò ní dùn kẹ̀? Ṣé ọmọ òun ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń jà nínú igbó ni?

"Jẹ́ kó gba inú oko kòkó sá lọ," ni Hamidah tún wí.

Fàòsíyà já wọlé. "Hamidah! Ta lẹ fẹ́ pa?"

Hamidah yí kọ̀ǹpútà sí i. "Màámi, géèmù là ń ṣe."

Fàòsíyà wò ó. Ọkùnrin kan tó dé fìlà funfun ń tiro lọ sí afárá.

Fàòsíyà dá fìlà àti ìrìn náà mọ̀. Ọkọ rẹ̀ ni, ẹni tí ìbọn pa lórí afárá lọ́jọ́ tí wọ́n ń sá ogun bọ̀ láti ìlú Kumba.

"Abdussamad ní géèmù tó dáa gbọ́dọ̀ nira," ni Hamidah wí, omi lé sí i lójú. "Mo ní kó nira bó bá ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan gbọ́dọ̀ wà tí Bàbá máa gbà délé."

Fàòsíyà jókòó tì í, ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà.

"Ibo ni wọ́n ń tẹ̀?"